Ọbẹ̀ Adìẹ Tí Kò Ní Ìwe

Ẹni tó bá rí Ọlọ́runbùnmi láàárọ̀ Sátidé yẹn, níbi tó jókòó sí lẹ́yìnkùlé tó ń fi ọwọ́ méjèèjì ya egungun adìẹ, yóò rò pé ó ń bá ẹnì kan jà ni. Onítọ̀hún ò jayò pa. Ó di igbáàyà adìẹ mú, ó yí i, ó dún pàá, ó sọ ọ́ sínú ìkòkò. Ó mú òmíràn, ó tún yí i. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń yí lọ́rùn nínú ọkàn rẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì í, torí pé ìyá náà ti wà lójú ọ̀nà láti Ajue, ó ń bọ̀ wá mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Ọmọ náà ni Ìdáraolúwa, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọjọ́rú ni ìyá àgbà náà ti sọ ọ́ lórí fóònù pé Beauty, àbúrò Bándélé ọkọ rẹ̀, tó wà ní Bìní, ti bímọ, kò sì rí ẹni bá a gbé e. Bándélé àti ìyàwó rẹ̀ ní tiwọn ní ọmọ méjì tí wọn ò rí bọ́. Nítorí náà kí wọ́n di ẹrù Ìdára sílẹ̀ de òun. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ káàkiri ilẹ̀ yìí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́: ibì kan ń wá, ibì kan ò rí bọ́, ẹ fà á lókùn. Wọn á ní ó ń lọ kàwé. Ìwé wo? Ìwé abọ́ fífọ̀, ìwé ilẹ̀ gbígbá, ìwé ká sùn lẹ́yìn gbogbo ayé ká sì jí ṣáájú gbogbo ayé.

Ọlọ́runbùnmi ti rò ó títí, ohun kan ṣoṣo ló rí tó lè ṣe. Bí ìyá ọkọ òun bá dé, tó bá ọbẹ̀ adìẹ lórí iná, tó jẹ ẹ́ yó, tó sì rí i tí Ìdára àti Eli àbúrò rẹ̀ di ẹran mú lọ́wọ́, ẹnu wo ni yóò fi sọ pé ebi ń pa wọ́n nínú ilé yìí? Ọbẹ̀ nìkan ló ní láti fi jà.

Yorùbá ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó kọ́ ló pa èyí o. Ọlọ́runbùnmi ń fọ abọ́ ní búkà kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Òrè. Àwọn èrò tó ń lọ sí Bìní àti Àsàbà ń sọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń ra odindi adìẹ sísun, ṣùgbọ́n wọn kì í ráyè jẹ ẹ́ tán. Wọ́n á já itan, wọ́n á já apá, dírẹ́bà á fọn fèrè, gbogbo wọn á dìde gìrì, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ lórí tábìlì. Ìyókù yẹn, inú garawa ọkùnrin kan tó ń sin ẹja àrọ̀ ló ń lọ lójoojúmọ́. Ẹ gbọ́ ná: ẹja ń jẹ adìẹ sísun ní Òrè, ọmọ ẹni tó ń fọ abọ́ tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ń mu gààrí gbẹrẹfu. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni Kàmál, ọkùnrin tó ń sun adìẹ náà, wo ọ̀tún wo òsì, ó ki mẹ́rin nínú àwọn àjẹkù tí ẹran ṣì wà lára wọn sínú ọ̀rá, ó ní, "Ìyá Ìdára, ẹ gbé e kíá, ẹ má jẹ́ kí màdáámù rí i."

Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se ẹran tí iná ti sun lẹ́ẹ̀kan. Ọgbọ́n ara rẹ̀ ló dá. Bí èèyàn bá da gbogbo rẹ̀ sínú omi pọ̀, ẹran á fọ́ dànù kí egungun tó sọ adùn rẹ̀ jáde. Nítorí náà, ó kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ata yajì tí Kàmál fi pa á lára kúrò. Ó wá fi ìka ṣa ẹran kúrò lára egungun, lábẹ́ apá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ ẹni tó yó ò lè dé láéláé. Ó kó ẹran náà sínú abọ́, ó bò ó. Egungun nìkan ló gbé kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà àti atalẹ̀ díẹ̀, ó jẹ́ kó máa hó lórí iná jẹ́jẹ́ títí omi náà fi pọ́n, tí ọ̀rá wẹ́wẹ́ ń léfòó lórí rẹ̀. Ìgbà tó sẹ́ ẹ tán, egungun tó kù nínú asẹ́ gbẹ bí igi ìdáná, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti wà nínú omi ọbẹ̀.

"Ó ń ta sánsán."

Bándélé ọkọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó yọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, pákò lẹ́nu. Láti ìgbà tí sọ̀mílì tó ti ń ṣiṣẹ́ ti ti ilẹ̀kùn pa, kò sí ohun tó ń yá a lára láti jí fún.

"Ṣé ó máa jinná kí Ìyá tó dé?"

"Ó máa jinná."

"Ó dáa. Mo ti sọ fún wọn pé a pa adìẹ dè wọ́n."

Ọlọ́runbùnmi gbé orí sókè. "Ẹ sọ pé kí ni?"

"Wọ́n pè láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí la fẹ́ fi gba àwọn lálejò. Mo ní a pa àkùkọ."

"Àkùkọ! Bàbá Ìdára, níbo lẹ ti rí àkùkọ?"

"Ṣé adìẹ kọ́ ló wà nínú ìkòkò yẹn ni? Àbí ó máa jáde síta wá sọ pé òun kì í ṣe àkùkọ?"

"Ọbẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n jẹ, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni parọ́. Bí wọ́n bá bèèrè, mo fẹ́ sọ pé ibi iṣẹ́ ni mo ti gbé e bọ̀, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀."

"Kí o sọ fún ìyá mi pé àjẹkù lo sè fún wọn? Kí wọ́n padà dé Ajue kí wọ́n máa sọ pé Bándélé ń jẹ àjẹkù? Ṣé orí ẹ pé?"

Ọlọ́runbùnmi da ata tó ti lọ̀ sínú omi egungun náà.

"Ẹ fi ti ọbẹ̀ sílẹ̀," ó ní. "Kí lẹ máa sọ fún wọn lórí ọmọ?"

Bándélé tu itọ́ pákò sílẹ̀. "Ká máa wò ó."

"Kí la ń wò?"

"Ìyá mi ni, Bùnmi."

"Ọmọ yín ni."

Bándélé bu omi, ó yọ́ ẹnu, ó wọlé lọ. Ìdákẹ́ àwọn ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọgbọ́n. Ti Bándélé kì í ṣe irú rẹ̀. Tirẹ̀ ni ti ẹni tó ń dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ jẹ̀bi.

Kò pẹ́ tí òórùn ọbẹ̀ náà fi gba gbogbo ilé náà kan. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, ọ̀ọ̀dẹ̀ kan ló là á já, bí ẹnì kan bá sín lókè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á kí i. Límátù, ayálégbé tó ń ta ata ní iwájú ilé, ló kọ́kọ́ gbé imú tẹ̀lé òórùn náà dé ẹ̀yìnkùlé. Ó ju Ọlọ́runbùnmi lọ ní ọdún bíi mẹ́wàá, kò sì sí ìkòkò tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ìyá Ìdára! Ẹ pa adìẹ ni?"

"Adìẹ ni, Àǹtí Límátù."

"Adìẹ wo? Láti ìgbà tí mo ti kírun àsùbáà ni mo ti jókòó síta. Mi ò gbọ́ kí adìẹ kankan ké."

"Adìẹ tó máa ń dákẹ́ ni."

"Nínú ilé yìí? Adìẹ yẹn mà níwà ju gbogbo àwa tó ń gbébẹ̀ lọ." Límátù rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìkòkò láìtọrọ gáfárà, ó fà á símú, ó dé e padà. "Ó dáa o. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹ nǹkan gidi kó tó lọ. Wọ́n ní oúnjẹ pọ̀ ní Bìní. Ó máa sanra."

"Ta ló sọ fún yín pé ó ń lọ sí Bìní?"

"Ọkọ ẹ ni. Lánàá. Ó ní gbogbo ẹ̀ ti parí."

Ọlọ́runbùnmi gbé ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé àlùbọ́sà tó ti gé tẹ́lẹ̀. Límátù wo ojú rẹ̀, ó wo ọ̀bẹ, ó rántí pé òun ò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọjà òun, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kí wọ́n sọ fún aláta kí wọ́n tó sọ fún ìyá ọmọ. Inú ń bí Ọlọ́runbùnmi débi pé omi gba ojú rẹ̀, ó sì dúpẹ́ pé àlùbọ́sà wà níbẹ̀.

Ó da epo sí i, ó fi irú sí i, ó fi iyọ̀ sí i. Ìgbẹ̀yìn ló tó da ẹran tó ṣa náà sí i, kí ó kàn gbóná ni, ó sì fi ọwọ́ fa ewé efinrin ya lé e lórí. Ó tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó fún ìṣẹ́jú kan tó ń wo ìkòkò náà, tó ń gbà á gbọ́ pé bóyá ó lè gba ọmọ sílẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀sán ku díẹ̀ kó pọ́n nígbà tí ọ̀kadà gbé Ìyá Ajue dé. Ẹfúnróyè ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin gbọọrọ ni, ó wé gèlè funfun, ó fi àgbélébùú igi kọ́rùn, Ìyá Àdúrà ni ní ilé àdúrà wọn, bí ó bá sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo Ajue ló máa ń mọ̀. Ó kó pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń yan lórí iná, wá nínú àpò, ara rẹ̀ dúdú fún èéfín. Ọlọ́runbùnmi kúnlẹ̀, Ìdára àti Eli náà kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Ẹ ṣeun. Ọma mi rèé." Ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n Ìdára sókè bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. "Ó ti gbẹ. Ẹrù rẹ̀ dà?"

"Ẹ jẹ́ ká jẹun ná, Màmá."

"Mọ́tò Bìní kì í dúró de ẹnikẹ́ni." Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ti gba ọ̀dọ̀ ìkòkò lọ, ó sì jókòó. "Bándélé ní ẹ pa àkùkọ. Ó dáa, ẹ ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó tutù."

Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ nínú yàrá. Ọlọ́runbùnmi ti ro pupuru nínú omi gbígbóná, ó ti bu ọbẹ̀ sí abọ́ kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé ẹran pọ̀ jù lọ nínú abọ́ ìyá àti ti àwọn ọmọ. Ìyá Ajue ní kí wọ́n di ojú. Ó kígbe halelúyà lẹ́ẹ̀meje, wọ́n dá a lóhùn lẹ́ẹ̀meje. Ó bẹ Ọlọ́run fún Bìní, ó bẹ Ọlọ́run fún ọ̀nà, ó wá dé orí adìẹ.

"Bàbá, àkùkọ tí wọ́n pa fún ìránṣẹ́bìnrin rẹ yìí, fi ogún rọ́pò rẹ̀!"

"Àmín," ni Bándélé wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju ti gbogbo wọn lọ.

"Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ta sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, jẹ́ kó dípò ẹ̀jẹ̀ wọn!"

"Àmín!"

Ọlọ́runbùnmi la ojú kan, ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ di ojú gan-in bí ẹni mímọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ìyá Ajue bu òkèlè àkọ́kọ́, ó gbé e mì, ó mi orí. Ó bu èkejì. "Ọbẹ̀ yìí dùn," ó ní, bí ẹni tí wọ́n fi ipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àyà Ọlọ́runbùnmi rọ̀ díẹ̀. Eli ti fi ọbẹ̀ kun ojú, Ìdára ń jẹun jẹ́jẹ́, ó ń gé ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́ kó má bàa tètè tán. Lẹ́yìn náà ni ìyá náà fi ìka tú inú abọ́ rẹ̀. Ó tú u láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ó na ọrùn wo abọ́ Bándélé, ó wo ti àwọn ọmọ.

"Ìwe dà?"

Eli náà tú abọ́ tirẹ̀ wò.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílẹ̀ wa, a kì í pa adìẹ fún àgbà kí ìwe rẹ̀ ṣìnà. Orí ọbẹ̀ àgbà ló ń jókòó sí, kí ojú lè kọ́kọ́ rí i. Orí àti ẹsẹ̀, ti àwọn ọmọdé ni, kí wọ́n máa há a lẹ́nu káàkiri àgbàlá. Ọlọ́runbùnmi ti ro ti epo, ó ti ro ti iyọ̀, ó ti ro ti yajì, ṣùgbọ́n kò ro ti ìwe, torí pé òun kọ́ ló ní àwọn pa adìẹ. Ẹni tó ń parọ́ ló yẹ kó máa rántí.

"Bándélé, ìwọ lo sọ pé o pa àkùkọ dè mí. Ìwe ẹ̀ dà?"

Bándélé gbé ẹran kan mì láìjẹ ẹ́. "Ìyàwó ló dáná," ó ní.

Ojú ìyá àgbà yí sí Ọlọ́runbùnmi. "Ìwọ, ìwe dà? Orí ńkọ́? Ẹsẹ̀ ńkọ́? Adìẹ tí kò lórí, tí kò lẹ́sẹ̀, ó rìn wọnú ìkòkò ni?"

Límátù, tí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kò kàn, fèsì láti ọ̀ọ̀dẹ̀. "Ìyá, ó lè jẹ́ ológbò ló gbé e o!"

"Ológbò tó gbé orí, tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì, tó gbé ìwe, tó wá fi igbáàyà sílẹ̀? Ológbò tó ń gbààwẹ̀ ẹran ni?"

Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Bándélé ò tilẹ̀ rí wákàtí mẹ́rin lò. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: ìyá ń wo ìyàwó, ìyàwó ń wo ọkọ, ọkọ ń wo kàlẹ́ńdà ilé àdúrà tó wà lára ògiri bí ẹni pé oṣù tó kọjá lọ ló ń wá.

Ọlọ́runbùnmi dúró fún un. Ó fún un láyè gan-an. Ìgbà tó rí i pé ọkùnrin náà ò ní sọ̀rọ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀.

"Kò sí ìwe, Màmá. A ò pa adìẹ kankan. Àjẹkù àwọn èrò ọkọ̀ ní ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo fi se ọbẹ̀ yìí. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa, mo sè é dáadáa. Òun náà ni mo fún àwọn ọmọ mi."

Ìyá Ajue dìde. Ọbẹ̀ ń kán láti ìka rẹ̀ sórí ẹní. "Omi! Ẹ fún mi lómi! Èmi Ẹfúnróyè, èmi tí mo bí ọkọ rẹ, èmi lo fún ní ohun tí àwọn tí n kò mọ̀ rí jẹ kù? O tún jókòó síbẹ̀ kí n gbàdúrà lé e lórí! Mo ké halelúyà lẹ́ẹ̀meje sórí àjẹkù!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá..."

"Má bẹ̀ mí! Ohun tí mo sọ fún Bándélé rèé. Mo ní àwọn ọmọ yìí ò rí nǹkan jẹ, ó ní wọ́n ń rí. Ṣé irú èyí ni wọ́n ń rí? Wọn á máa jẹ àjẹkù títí wọ́n á fi kó àrùn." Ó gba omi lọ́wọ́ Ìdára, ó fi fọ ọwọ́, ó tún fi fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. "Ìdára, lọ mú ẹrù rẹ. À ń lọ."

"Ìdára, jókòó," ni Ọlọ́runbùnmi wí.

Ọmọ náà dúró láàárín àwọn méjèèjì, ó di ife omi mú.

"Mo ní à ń lọ!"

"Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ wí, Màmá. Kò ní lọ. Ọmọ abúlé Omifunfun tí Beauty mú lọ lọ́jọ́sí, ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ìgbà tó padà, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì le ju tèmi tí mò ń fọ abọ́ lójoojúmọ́. Ìwé wo ló kà?"

"Ọmọ yẹn yọ̀lẹ."

"Ọmọ yẹn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án!"

"Beauty jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀! Àǹtí rẹ̀ ni! Ṣé àǹtí rẹ̀ máa pa á ni?"

"Ọmọ tí kò ní ìyá kì í dégbò ẹ̀yìn, Màmá. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́. Èmi ìyá rẹ̀ ò tíì kú. Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ dá egbò níbi tí n kò sí?"

Ẹnu ọ̀nà ti kún. Límátù ló ṣíwájú, àwọn ayálégbé méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé àwọn wá yá asẹ́ ni. Ẹnì kan ní, "Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ọmọ yẹn ti gbẹ." Ẹnì kejì ní, "Ta ni kò gbẹ?" Bándélé ṣì jókòó nídìí abọ́ rẹ̀. Ó ti jẹ ẹ́ tán.

Ìyá Ajue so gèlè rẹ̀ le. Ó ti ń wò káàkiri yàrá bí ẹni tó ń wá àpò rẹ̀, ni ojú rẹ̀ bá bà lé ìkòkò tí Ọlọ́runbùnmi gbé sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ọbẹ̀ ṣì kún un dé ìdajì. Èéfín rẹ̀ ń rú, efinrin ń ta lórí rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Gbogbo ènìyàn rí i bó ṣe wò ó.

"Bu ìyókù yẹn sínú kúlà fún mi," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọlọ́mọ tuntun ń fẹ́ omi ọbẹ̀ gbígbóná. Mo máa gbé e dé ọ̀dọ̀ Beauty."

Ẹnu ya Límátù. "Ìyá, àjẹkù yẹn náà?"

"Beauty ò sí níbí nígbà tí mo bèèrè ìwe."

Ọlọ́runbùnmi kọ́kọ́ rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ, ó ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ mì lẹ́nu ìyá yìí, ó ti gbé òmíràn mì lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Èyí kò gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. Ó mú àkísà, ó fi gbé ìkòkò náà ní etí méjèèjì, ó gbé e wá síwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ gbì.

"Ẹ má dààmú lórí kúlà. Ẹ gbé e tìkòkò-tìkòkò. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ fún Beauty. Ọbẹ̀ ló jẹ́ àjẹkù, Màmá. Ọmọ mi kì í ṣe àjẹkù ẹnikẹ́ni."

"Ọlọ́runbùnmi!" Bándélé fò dìde. Ìgbà tó máa lahùn lónìí nìyẹn. "Ìyá mi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn!"

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin, ta lẹ ti ń dákẹ́ fún láti àárọ̀?"

Bándélé gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ lù ú. Límátù bọ́ sáàárín wọn pẹ̀lú ìbàdí rẹ̀ ńlá yẹn, ó ní, "Bàbá Ìdára, ẹ ti jẹun tán, ẹ lọ ṣan ọwọ́ yín." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lọ́ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọwọ́ náà wálẹ̀.

Ìyá Ajue ò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú mọ́. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ka Bíbélì sétí aláìsàn. "Mi ò ní fi ipá mú ọma kúrò ní ulé yìí. Ṣùgbọ́n gbọ́: ebi tó ń bẹ nínú ulé yìí máa fà á lé mi lọ́wọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ mú un wá bá mi ní Ajue, o máa kúnlẹ̀, o máa ní kí n gbà á. Bóyá màá gbà á, bóyá mi ò ní gbà á."

Ó sì ní kí Bándélé gbé ìkòkò.

Ó gbé e. Ọkùnrin tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ gbé ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lé itan lórí ọ̀kadà, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n forí lé gáréèjì Òrè. Gbogbo ilé jáde wò wọ́n. Ọbẹ̀ ń dà díẹ̀díẹ̀ sójú ọ̀nà níbi tí kòtò wà, ajá sì ń tẹ̀lé wọn.

"Àwọn kó ọbẹ̀ lọ, wọn ò ní pupuru," ni Límátù wí bó ṣe ń padà sí ìdí ata rẹ̀. "Ẹ̀yin ní pupuru, ẹ ò lọ́bẹ̀. Ìdílé kan náà mà ni yín lóòótọ́." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ó padà wá pẹ̀lú ife epo pupa kan, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kò sọ pé kí wọ́n fi ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí oòrùn ti rọ̀, Ọlọ́runbùnmi tún ro pupuru mìíràn. Ó bu iyọ̀ sínú epo náà, ó gbé e sáàárín òun àti àwọn ọmọ. Eli bi í léèrè pé ibo ni ọbẹ̀ lọ, ó ní ó rin ìrìn àjò. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó jẹun, ó yó, ó sùn lọ síbi tó jókòó sí. Bándélé ò tíì dé. Ọlọ́runbùnmi ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ̀dẹ̀, kò sì ka ohùn wọn sí. Ọmọ òun ṣì wà níwájú òun. Ìyẹn ló ń sọ fún ara rẹ̀, léraléra: ọmọ mi ṣì wà níwájú mi.

Ìdára ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Jẹun," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Màmá."

"Kí ni?"

"Ẹ̀ bá ti jẹ́ kí n lọ."

Ọlọ́runbùnmi rò pé ẹ̀rù ìjà ló ń ba ọmọ náà. "Kò sẹ́ni tó máa mú ọ lọ mọ́. Gbàgbé rẹ̀."

Ìdára ò gbórí sókè. Ó na ọwọ́ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa àpò kan jáde. Àpò ilé ìwé rẹ̀ ni. Aṣọ rẹ̀ mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ó ká wọn létí-létí, pákò rẹ̀ wà nínú ọ̀rá kékeré, bàtà ilé àdúrà rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ ni mo ti dì í," ó ní. "Àǹtí Beauty sọ fún mi lórí fóònù pé ìrẹsì làwọn ń jẹ. Tí mo bá lọ, ẹ̀yin náà á lè máa jẹun."

Ọlọ́runbùnmi ti bá ìyá ọkọ jà, ó ti bá ọkọ jà, kò bá ọmọ yìí jà. Kò nà án, kò sì bá a wí. Ó bu òkèlè kan, ó rì í bọnú epo, ó nà án sí ẹnu rẹ̀.

Ìdára wo òkèlè náà pẹ́ kó tó la ẹnu.